Àwọn Òkú tí Omi Kò Gbé: Àjálù, Àrùn Ọkàn àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu ní Ìbàdàn àti Ilẹ̀ Kétu

Àṣamọ̀

Nígbà tí àjálù bá ṣẹlẹ̀, àwọn tó kú lọ́jọ́ náà ni ìtàn máa ń kà. Iṣẹ́ yìí dá lórí àwọn tó kú lẹ́yìn rẹ̀, tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ohun tí ojú wọn rí. A kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn oníṣègùn rí ní Gíríìsì, Amẹ́ríkà, Japan àti ilẹ̀ Faransé láàárín 1981 sí 2011. Lẹ́yìn náà a wo omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn ní 1980, ọ̀dá 1983 àti àkúnya omi ní Benin ní 2010. Èrò wa ni pé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ikú ní ọjọ́ ṣùgbọ́n kò ní ìdí, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ní ìdí ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni láti jẹ́ kí méjèèjì pàdé.

1. Ìfáárà

Kpankou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè mẹ́fà tó wà lábẹ́ kọ́múnù Kétu, ní ẹ̀ka Plateau, lápá gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ wa ga díẹ̀. Omi kì í dúró lójú ilẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbẹ́ kànga ló ń kan omi. Ẹni tó bá dàgbà níbí mọ̀ pé àìrí omi ni ìṣòro wa, kì í ṣe àpọ̀jù rẹ̀. Bí àwọn ará Ìbàdàn bá ń sọ̀rọ̀ omíyalé, tiwa ni ọ̀dá. Síbẹ̀ àjálù méjèèjì jọra ní ọ̀nà kan tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà sí: wọ́n ń pa ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a hun fúnra wa. Ká ní ọ̀dá dá lọ́dún kan, tí àgbàdo gbẹ mọ́ oko. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ta ewúrẹ́ rẹ̀, ó jẹ gbèsè, kò sì rí oorun sùn mọ́. Òjò padà dé. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí òjò padà dé, bàbá yìí ń lọ sóko, ó ṣubú, ó sì kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ á ní, “Ìrònú ló pa á.” Akọ̀wé ìjọba, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ lọ sọ fún un, á kọ orúkọ bàbá náà àti ọjọ́ tó kú. Bí òpìtàn bá wá dé lógún ọdún lẹ́yìn náà, tó ń ka iye ènìyàn tí ọ̀dá pa, kò ní ka bàbá yìí mọ́ wọn. Nínú ìwé akọ̀wé, bàbá kú ní ọdún tí òjò rọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí, kò sí ọ̀dá níbẹ̀ rárá, ìrònú ló wà níbẹ̀.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni a lè ṣe kí irú òkú bẹ́ẹ̀ má bàa sọnù nínú ìtàn? A ó kọ́kọ́ fi hàn pé irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àròsọ, pé àwọn oníṣègùn ti kà á ní àwọn ibi tí àkọsílẹ̀ ikú pé pérépéré. Nígbà náà ni a ó tó padà sílé.

2. Ohun tí àjálù ń ṣe fún ọkàn, 1981 sí 2011

Ní oṣù Kejì ọdún 1981, ilẹ̀ mì ní Áténì, olú ìlú Gíríìsì. Dimitrios Trichopoulos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun kan tí kò ṣòro: wọ́n ka iye àwọn tó ń kú lójoojúmọ́ nínú ìlú náà lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, wọ́n sì fi wé iye tó ń kú ní irú àkókò kan náà láwọn ọdún mìíràn. Wọ́n rí i pé àwọn tí àrùn ọkàn pa pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ògiri kò wó lu àwọn wọ̀nyí. Iṣẹ́ náà jáde ní 1983.

Èyí tó tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ wá láti Los Angeles. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, 1994, ilẹ̀ mì ní Northridge ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lórí ibùsùn. Jonathan Leor, W. Kenneth Poole àti Robert Kloner lọ wo ìwé ọ́fíìsì tó ń ṣe àyẹ̀wò òkú. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, bí ènìyàn 4.6 ni ikú òjijì láti ọ̀dọ̀ ọkàn ń pa lóòjọ́. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì, wọ́n di 24. Nínú àwọn 24 yìí, mẹ́ta péré ló ń ṣe iṣẹ́ agbára tí kò mọ́ wọn lára nígbà tí ikú dé. Ẹ̀rù ló ṣiṣẹ́ lára àwọn tó kù. Láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, iye náà tún lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìyẹn ni pé lára àwọn tó kú lọ́jọ́ náà, àwọn kan wà tí ọkàn wọn ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, tí àjálù kàn mú ọjọ́ wọn yá.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ara á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kíkankíkan, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ìfúnpá á ga, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì tètè máa dì. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sá fún ejò, àǹfààní ni gbogbo èyí. Fún àgbàlagbà tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti tín-ín-rín, ó lè jẹ́ òpin. Èyí ni ti àárín wákàtí mélòó kan. Ọ̀nà kejì ń gba ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Kobe, tó ṣẹlẹ̀ ní 17 oṣù Kìíní 1995, ọdún kan géérégé sí ti Northridge, Kazuomi Kario àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò àwọn arúgbó tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n rí i pé ìfúnpá wọn ga sí i, àwọn àmì pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́ máa dì sì pọ̀ lára wọn. Àìsùn wà níbẹ̀, oúnjẹ oníyọ̀ tí wọ́n ń pín ní ibùdó wà níbẹ̀, oògùn tó sọnù sábẹ́ àlàpà náà wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ń gba oṣù sí ọdún. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìgbì òkun tó kọ lu ìlà-oòrùn Japan ní 11 oṣù Kẹta 2011, kì í ṣe ikú òjijì nìkan ló pọ̀ sí i ní ẹkùn Miyagi. Àwọn tí ọkàn wọn ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí èémí wọn ń kúrú, pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní New Orleans, lẹ́yìn ìjì Katrina ti 2005, àwọn dókítà Tulane ka iye àwọn tí iṣan ọkàn wọn dí nínú gbogbo ẹni tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn. Ṣáájú ìjì náà, wọ́n jẹ́ 0.7 nínú 100. Láàárín ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n di 2.2. Omi ti gbẹ kúrò nílùú nígbà náà. Àìníṣẹ́, ilé tí kò tíì dúró, sìgá àti oògùn tí a kò lò déédéé ló ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìtàn yìí tó kan àwa onímọ̀ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Niigata ní oṣù Kẹwàá 2004, àwọn aláìsàn kan, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú àyà dídùn bí ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí. Ṣùgbọ́n iṣan wọn kò dí. Ìsàlẹ̀ ọkàn wọn ló wú bí ìkòkò, tí ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Àwọn ará Japan ti fún àìsàn yìí ní orúkọ láti 1990: takotsubo, ìyẹn ìkòkò tí àwọn apẹja wọn fi ń mú ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Wọn kò lọ yá orúkọ lọ́wọ́ Látìn. Wọ́n wo ohun tó wà létí òkun wọn, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, gbogbo ayé sì gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn. Ìbànújẹ́ àti ìpayà ló sábà ń fa àìsàn náà. A ó padà sórí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó kẹ́yìn sún mọ́ ọ̀dá tiwa. Ní oṣù Kẹjọ 2003, ooru mú ní ilẹ̀ Faransé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ilé tó wó, kò sí odò tó kún. Nígbà tí wọ́n ṣírò iye òkú tó lé sórí ti àwọn ọdún ìṣáájú, ó tó 15,000, arúgbó ló sì pọ̀ jù. Bí omi bá gbẹ lára, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn á sì ní láti ṣiṣẹ́ àṣekún láti tu ara lára. Nínú àwọn òkú yẹn, ó ṣòro láti nawọ́ sí ẹnì kan pàtó kí a sọ pé ooru ló pa èyí. Ìṣirò ló fi wọ́n hàn: a mọ iye tó yẹ kó kú, a ka iye tó kú, a yọ èkíní kúrò nínú èkejì. Ọ̀nà ìṣirò yìí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ìwé tó kọ ọjọ́ ikú gbogbo ènìyàn. Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ nìyẹn.

3. Ògùnpa, 1980

Odò Ògùnpa gba àárín Ìbàdàn kọjá, níbi tí ilé àti ọjà ti fún mọ́ra. Ó ti kún rí ní 1960, ní 1963 àti ní 1978. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, 1980, òjò ńlá rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò náà sì kúrò ní ipa rẹ̀. Òkú tí wọ́n kó jọ lé ní 200. Àwọn tí ilé wọn lọ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀. Ààrẹ Shehu Shagari fúnra rẹ̀ wá wo ibẹ̀, iṣẹ́ bí a ó ṣe la ọ̀nà tó gbòòrò fún odò náà sì di ọ̀rọ̀ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ wo orúkọ tí àwọn ará ìlú fún un: omíyalé. Gbólóhùn odidi ni, omi ya ilé, tí a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Olùṣe inú rẹ̀ ni omi, àbọ̀ rẹ̀ ni ilé. Ènìyàn kò sí níbẹ̀. Orúkọ náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ògiri àti ẹrù, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn tí a kọ nípa rẹ̀ sì rí: iye ilé, iye afárá, iye òkú tí a wú nínú ẹrẹ̀.

Ìbàdàn 1980 kì í ṣe ìlú tí kò ní onímọ̀ nípa ọkàn. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, UCH, ti ṣí sílẹ̀ láti 1957. Ọládípọ̀ Akinkugbe àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Ojo ti kọ nípa ìfúnpá àwọn ará ìgboro àti ará oko Nàìjíríà ní 1969. Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Akinkugbe wà lára wọn, ṣe ìwé ìforúkọsílẹ̀ àrùn rọpárọsẹ̀ fún ìlú náà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 1979 dá lórí ọdún 1973 sí 1975. Ó ṣeni láàánú pé ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín òpin àkọsílẹ̀ yẹn àti òjò Ògùnpa. Ká ní ìwé náà ṣì wà ní ṣíṣí ní oṣù Kẹjọ 1980, a ò bá lè ka oṣù tó ṣáájú omíyalé àti oṣù tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe kà á ní Áténì.

Iṣẹ́ àwọn dókítà Ìbàdàn tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Láyé ìgbà náà, àrùn dídí iṣan ọkàn, tó ń pa àwọn aláwọ̀ funfun púpọ̀, ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wọ́pọ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń bí: rọpárọsẹ̀ àti kí ọkàn máa rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wá òkú Ògùnpa tí omi kò gbé, kò yẹ kó máa wá àwọn tó ṣubú ní wákàtí kìíní nìkan, bíi ti Northridge. Kí ó wá àwọn tí apá àti ẹsẹ̀ kan kú lára wọn kí ọdún tó yí po. Kí ó wá ìyá olójà tí ẹrù rẹ̀ bá omi lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, tí kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́ àfi kó jókòó. Àwọn yìí ni Miyagi 2011 fi hàn wá.

4. Òkè tí kò lómi àti àfonífojì tí omi kún: 1983 àti 2010

Ní ìhà tiwa, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 jẹ́ ìgbà ọ̀dá. Láti 1982 bọ́ sí 1983, òjò kò rọ̀ dáadáa ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Côte d’Ivoire gba Ghana àti Togo dé Benin. Iná jó igbó àti oko, pàápàá ní Ghana. Ní oṣù Kìíní 1983 kan náà ni ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó gba ojú títì yìí padà sílé, ará Ghana ló pọ̀ jù, ará Togo àti ará Benin sì wà níbẹ̀. Fún ìlú tó wà lẹ́bàá ààlà bíi tiwa, àjálù méjì pàdé: oko kò so, ọmọ tó ń fi owó ránṣẹ́ láti Nàìjíríà sì padà wá jókòó ti àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ohun tí New Orleans kọ́ wa ni pé irú ìnira tó ń pẹ́ báyìí, tí àìsùn, gbèsè àti oúnjẹ tí kò pé ń bá rìn, ni ọkàn kì í gbàgbé.

Ọ̀dá tún ní iṣẹ́ tirẹ̀ lára ọkàn, gẹ́gẹ́ bí ti Faransé 2003: ooru, òǹgbẹ, àti ìrìn jíjìn pẹ̀lú agbè tàbí garawa lórí. Ní òkè Kétu, obìnrin àti ọmọdé ló sábà ń pọn omi. Bí kànga ìtòsí bá gbẹ, ìrìn á gùn sí i. Kò sí ẹni tó ń kọ ìyẹn sínú ìwé àjálù.

Àjálù 2010 yàtọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ọdún náà, omi kún ní kọ́múnù 55 nínú 77 tó wà ní Benin, àwọn tó wà ní àfonífojì odò Ouémé sì wà lára àwọn tó jìyà jù. Ìròyìn ìjọba àti ti àwọn àjọ àgbáyé sọ pé ènìyàn 680,000 ni àjálù náà kàn, pé 46 sì kú. Ẹ wo nọ́mbà méjèèjì yìí pọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 2015 rí i pé bí àgbàlagbà kan nínú mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ká ṣe ìṣirò ojú lásán: bí ìdajì àwọn 680,000 bá jẹ́ ọmọdé, ó ku 340,000. Ìdá kan nínú mẹ́rin wọn jẹ́ 85,000. Ìṣirò yìí kì í ṣe iye òkú. Iye àwọn tí ọkàn wọn ti ní ẹrù tẹ́lẹ̀ kí omi tó wọlé ni, tí wọ́n sì sùn sábẹ́ àgọ́ tàbí nínú kíláàsì ilé ìwé, láìsí oògùn, láìsí ìrètí ìkórè. Bí a bá gbà gbọ́ pé 46 ni gbogbo ẹni tí àjálù náà pa, a ti gbà gbọ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn wọ̀nyí.

5. “Ó ronú kú”: ohun tí gírámà sọ, ohun tí kò sọ

Bí ìwé kò bá sọ̀rọ̀, òpìtàn á lọ bá àgbà. Àwọn àgbà wa kò ṣàìmọ̀ pé àjálù lè pa ènìyàn láti inú. Èdè Yorùbá kún fún un. Àyà mi já. Àyà mi là gààrà. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Bí a bá sì ń tu ẹni tí àdánù bá nínú, a máa ń ní, “Má ronú kú.” Ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe àsọdùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ó ronú kú. Ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ ni, irú èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn onímọ̀ gírámà mìíràn ti ṣàlàyé fún wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ sọ ohun tó fà á, èkejì sọ ibi tó já sí. Ó ṣubú kú náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò tó wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kò hàn nínú gbólóhùn. Ẹni tó ṣubú kú lè kú ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹni tó ronú kú lè ronú fún ọdún méjì. Gírámà so wọ́n pọ̀ bákan náà. Fún ẹni tó ń sọ ìtàn, kò sí àléébù níbẹ̀: ìdí ló fẹ́ sọ, ó sì ti sọ ọ́. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìṣirò bíi ti Áténì, àkókò gan-an ni ohun tó sọnù.

Gbólóhùn kejì ni ìrònú ló pa á. Gbólóhùn akíyèsí alátẹnumọ́ ni èyí, a sì mọ̀ pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ máa ń yan nǹkan kan, á sì ti èyí tó kù sẹ́yìn. Kí ni ó ń tì sẹ́yìn níbí? Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá ṣubú lójijì tó kú, ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń jáde ni pé ta ló ṣe é. Ẹni tó bá ní “ìrònú ló pa á” ń dá ìyàwó, orogún tàbí ẹ̀gbọ́n láre: kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Nítorí náà, kò yẹ kí òpìtàn gba gbólóhùn yìí bí ẹni gba èsì àyẹ̀wò dókítà. Kò sì yẹ kó jù ú nù bí ìtàn lásán. Ìdájọ́ ni, tí àwọn tó wà níbẹ̀ ti jíròrò lé lórí kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀.

Ìṣòro kẹta wà lára orúkọ ẹ̀yà ara. Ọkàn ni ẹ̀yà ara tó ń lù, ọkàn náà sì ni ibùjókòó èrò. Àyà ni ibi tí ìrora ti ń hàn, àyà náà sì ni ibùjókòó ìgboyà. Bí mo bá ní “àyà ń dùn mí”, oníṣègùn lè tọ́jú mi. Bí mo bá ní “ọkàn mi bàjẹ́”, ẹni tó gbọ́ á ní kí n mú sùúrù. Àwọn tó ń sọ Faransé náà kò bọ́ lọ́wọ́ èyí: ẹni tó bá ní òun ní mal au cœur, èébì ló ń gbé e, kì í ṣe ọkàn ló ń dùn ún. Èmi tí mo fi Faransé ka ìwé mọ bí ó ṣe rọrùn tó láti túmọ̀ cœur sí ọkàn níbi gbogbo, kí ìbéèrè nípa àìsàn sì di ìbéèrè nípa ìbànújẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ tiwa ní Benin, tension ni ọ̀pọ̀ ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan lè gbọ́ “rárá” lẹ́nu ẹni tó ti ń lo oògùn tension láti ọdún mẹ́wàá.

6. Bí a ó ṣe béèrè

Gbogbo èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú kíláàsì nìkan. Níbi tí dókítà kì í ti í kọ ohun tó pa ènìyàn, ọ̀nà kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí: a óò lọ bá ẹbí olóògbé, a óò fi ìwé ìbéèrè bi wọ́n bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe parí, a óò sì fi ìdáhùn wọn mọ ohun tó ṣeé ṣe kó pa á. Ìwé ìbéèrè àjọ náà jáde ní 2007, wọ́n sì tún un ṣe ní 2012, 2016 àti 2022. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ìwádìí ọlọ́jọ́ gígùn lórí àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ ní abúlé Tanvè, ní kọ́múnù Agbangnizoun, láti 2015. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dé ilẹ̀ Yorùbá ti Benin lọ́jọ́ kan. Nígbà tó bá dé, bí a ṣe túmọ̀ ìbéèrè ló máa sọ ẹni tí a óò kà.

A dá àbá mẹ́rin. Èkíní, kí ìbéèrè nípa ìrora máa lo àyà, kó sì sọ ibi tí ìrora wà àti ibi tó ń tàn dé: ṣé àyà ń dùn ún, ṣé ó ń dé apá tàbí àgbọ̀n? Kí ìbéèrè nípa ọkàn tó ń rẹ̀ lo ohun tí ojú ẹbí rí: ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ṣé ó lè dùbúlẹ̀ sùn, ṣé èémí rẹ̀ ń ké kúrú bó bá rìn díẹ̀? Àwọn ará Japan ti fi takotsubo hàn wá pé ohun tí a rí ní àyíká wa tó láti fi sọ àìsàn.

Èkejì, kí a má fojú fo ìrònú. Bí ẹbí bá ní ó ronú kú, kí a béèrè: kí ló ń rò, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí rò ó, kí ló yí padà nínú oúnjẹ, oorun àti oògùn rẹ̀ láti ìgbà náà? Ìbéèrè yìí ló máa yọ àjálù tó fara pamọ́ sínú ìrònú jáde.

Ẹ̀kẹta, kí a wá ọjọ́ níbi tí ọjọ́ wà. Àgbà tí kò mọ ọjọ́ oṣù mọ bí ọjà ọrọọrún ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, ó mọ àkókò tí wọ́n ń kọ ebè, ó mọ ọdún tí wọ́n lé wa ní Nàìjíríà. Kétu fúnra rẹ̀ ti ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ pín ìtàn rẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀ kí Dahomey tó kó ìlú ní 1886, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tún un tẹ̀ dó. Kí a bi ẹbí bóyá ikú náà ṣáájú ọ̀dá tàbí ó tẹ̀ lé e, àti pé ọjà mélòó tàbí ìkórè mélòó ló wà láàárín. Ìdáhùn tí gírámà àsínpọ̀ gbé mì yóò padà jáde.

Ẹ̀kẹrin, kí a béèrè bákan náà nípa ọdún tí àjálù kò ṣẹlẹ̀. Èyí ni àwọn tó fẹ́ràn ìtàn máa ń gbàgbé. Bí a bá ka kìkì àwọn tó kú lẹ́yìn ọ̀dá, gbogbo ikú á dà bí ọmọ ọ̀dá. Àgbà á kú lọ́dún òjò, àgbà á kú lọ́dún ọ̀dá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì nìkan ni ẹ̀rí. A sì gbọ́dọ̀ rántí Los Angeles: lára àwọn tí a bá kà, àwọn kan ò bá ti kú láìpẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí a mú ọjọ́ rẹ̀ yá ti pàdánù ọjọ́ tó jẹ́ tirẹ̀.

7. Ìkádìí

A máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ ní Ìbàdàn àti àìtó rẹ̀ ní Kétu ti pa àwọn ènìyàn tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé àjálù kankan. Áténì àti Los Angeles rí òkú tiwọn nítorí pé akọ̀wé wọn kọ ọjọ́ ikú gbogbo ènìyàn. Tiwa kò pé, ó sì lè pẹ́ kó tó pé. Ohun tí a ní ni àwọn àgbà tó rántí ìdí, tí wọ́n sì ní gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́.

Àwọn tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún nígbà tí Ògùnpa kún ti lé ní ọgọ́rin báyìí. Àwọn tó gba ojú títì padà láti Nàìjíríà ní 1983 ti ń darúgbó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wá iṣẹ́ tí yóò ṣe nílé nígbà ìsinmi, iṣẹ́ kan rèé: kó jókòó ti irú àgbà bẹ́ẹ̀, kó gbọ́ “ó ronú kú” lẹ́nu rẹ̀, kó má sì dìde kí ó tó béèrè ìgbà tí ìrònú náà bẹ̀rẹ̀.